Nígbà Tí Wọ́n Wá Wádìí Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ọkọ mi jẹ́ oníbìínú ènìyàn. Kì í ṣe ìbínú ẹni tí ebi ń pa, kì í sì í ṣe ti ẹni tí ọjà kò tà fún. Tirẹ̀ máa ń dé lójijì ni, bí ìgbà tí omi gbígbóná bá ru bo iná. Ó lè máa jẹun lọ́wọ́ kí ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan, àwo á ti fọ́ kí á tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tó bá tán, á jókòó, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbé ní Mamobi, ní Accra níbí, sọ fún mi pé bàbá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, àti pé bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ṣá ènìyàn ládàá nítorí ààlà oko. Mo ti lóyún kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ní tiwa, a kì í fi ọmọ fọ́kọ láì wádìí. Wọ́n á rán ẹnìkan lọ sí ìdílé tí wọ́n fẹ́ bá dána, á lọ fọgbọ́n béèrè: ṣé kò sí àrùn burúkú níbẹ̀, ṣé kò sí olè, ṣé kò sí apànìyàn? Bàbá mi náà rán ènìyàn nígbà tèmi. Ẹni tó rán kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ o. Adabraka níbí ló dúró sí, ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta bàtà, ọkùnrin náà ní ọmọ dáadáa ni, kì í jẹ gbèsè. Ìwádìí parí.

Mi ò sọ èyí láti fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ọkọ mi ti kú, mo sì ti dárí jì í. Mo sọ ọ́ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ-ọmọ mi fẹ́ gbéyàwó.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Ojú mi ló gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló mú wá sáyé. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní Kumasi, ó dá sí ìjà kan tí kì í ṣe tirẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wá fún mi. Ó fi ìbejì sílẹ̀, ọkùnrin méjèèjì, wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ kéré. Nígbà tó ṣe opó tán, àwọn ènìyàn rẹ̀ mú un padà sí Nàìjíríà, ó ní ọkọ mìíràn níbẹ̀. Mi ò bá a wí. Bí àwọn ìbejì ṣe di tèmi nìyẹn, nínú yàrá kan ní agbo ilé wa ní Mamobi, pẹ̀lú igbá ọṣẹ tí mò ń gbé lọ sí ọjà Nima.

Mi ò ní sọ pé àwọn ìbejì yìí jọra. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Tí wọ́n bá ń sùn, àmì dúdú kan tó wà lẹ́yìn etí ọ̀kan ni mo fi máa ń dá wọn mọ̀. Ẹni tó ni àmì yìí ló gbẹ̀yìn jáde, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n, torí ẹ̀gbọ́n ló máa ń rán àbúrò síwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni n ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Ohun tí mo bá rà fún ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ rà á fún èkejì. Àní tí mo bá mú pàṣán láti na ọ̀kan, èkejì á ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa dúró de tirẹ̀.

Inú àwọn méjèèjì ló máa ń ru. Ní ilé kéwú, ẹ̀gbọ́n bu àfáà jẹ lápá. Àbúrò ju wàláà lu ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, orí ọmọ náà fọ́. Àwọn ará ilé á ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn ti ń sọ̀rọ̀ o." Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ti rí nǹkan yìí lára ọkọ, mo ti rí i lára ọmọ, mo mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọrùn á kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Tó bá ti dé ibi pé ìka ń ká, ọ̀rọ̀ ìyànjú kì í wọ etí mọ́. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́ wọn ni pé tí wọ́n bá ti rí i pé ìka wọn ń ká, kí wọ́n jáde síta. Kí wọ́n má tọrọ àyè. Bí èmi ni mo ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n jáde. Bí àfáà ni, kí wọ́n jáde.

Àwọn àgbà agbo ilé wa kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí rárá. Ọmọ Yorùbá tí àgbà ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tó kẹ̀yìn, tó ń lọ? Wọ́n ní irú ọmọ wo ni mò ń tọ́. Mo ní ẹni tó wà níta kò lè fọ́ àwo tó wà nínú ilé.

Nígbà tí wọ́n tó iṣẹ́ kọ́, mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ọ̀gá télọ̀ kan wà ní Mamobi, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ó ní ọ̀kan lòun lè gbà. Ó ní bí aṣọ oníbàárà bá bàjẹ́, òun ò fẹ́ kí ojú kan náà máa wo òun láti ọ̀nà méjì pé "èmi kọ́." Lọ́jọ́ tó yẹ kí n mú ọmọ wá, ibà ń ṣe ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ló lè dìde, òun ni mo mú lọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ ibà yẹn títí. Ẹ̀gbọ́n wá lọ sí gáréèjì ní Nima, ó ń pe èrò sínú ọkọ̀ tírótíró, ó ń di ẹrù. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ní gáréèjì, ẹni tó bá jáde nígbà tí ìjà bá dé, wọn kì í jẹ́ kó wọlé mọ́.

Ọjọ́ kan, òun àti ẹnìkan ń du èrò kan tó ní ẹrù púpọ̀. Ọ̀rọ̀ di èébú, èébú di ọwọ́. Sípánà tí wọ́n fi ń tú táyà wà nílẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò kú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ pátápátá. Wọ́n mú ọmọ mi, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Mo lọ kí ìyá ọkùnrin náà nílé wọn. Kò jẹ́ kí n jókòó. Ó tọ̀nà.

Láti ìgbà náà ni ìyà àbúrò bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gba òmìnira níṣẹ́ télọ̀, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tirẹ̀. Ènìyàn á gbé aṣọ wá, á rí i, á ní òun gbàgbé nǹkan nílé. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé bí ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe fún tó, kò sọ ọ́. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò lè mí. Àbúrò ló bá a pàdé lọ́nà tó ní kó bọ́ ọ kóun tún un ṣe.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni kò sá. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Adabraka, Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní Accra jù wá lọ. Òun ló máa ń kó aṣọ àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ wá fún rírán. Nígbà tó yá, ó ń wá láì kó aṣọ wá. Ọmọ mi bá sọ fún mi pé àwọn fẹ́ fẹ́ra.

Mo ní, "Ó ti mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà?"

"Ó mọ̀, Màmá."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

Ó ń já òwú kúrò létí aṣọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á wá wádìí.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan wá sí ìdí igbá mi ní Nima. Aṣọ tó dára ló wọ̀. Ó mú ọṣẹ dúdú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè iye tó jẹ́, kò sì ná an. Ẹni tó bá béèrè iye ọṣẹ ní Nima tí kò ná an, kì í ṣe ọṣẹ ló wá rà.

Ó ní, "Màmá, mo gbọ́ pé ìbejì wà nílé yín."

Mo ní, "Wọ́n wà. Ọ̀kan ń ránṣọ, ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n. Ẹ jókòó sórí àpótí yìí, ìwádìí kì í yá ní ìdúró. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ni yín, àbí àbúrò?"

Obìnrin Hausa tó ń ta kókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni pé Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú ìkòkò rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?" obìnrin náà béèrè.

"Imú yín ni. Imú tó wà lójú ọmọbìnrin yẹn náà ni."

Ó fọwọ́ kan imú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Àbúrò bàbá ọmọ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn, nítorí ó yára yí ọ̀rọ̀ náà padà sí mi.

"Ó dáa, Màmá. Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ọ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde. Bí imú bá jáde, ìwà ńkọ́?"

Mo kàn sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọkọ mi, ọmọ mi, Kumasi, sípánà, ojú ọkùnrin yẹn. Mo sọ pé inú ẹni tó fẹ́ ọmọ wọn náà máa ń ru, kí ẹnikẹ́ni má tàn wọ́n.

Ó ní, "Màmá, ẹ ò tiẹ̀ lè fi díẹ̀ pamọ́ fún wa?"

"Ẹ ó gbọ́ ọ níbòmíràn, wọ́n á sì ti fi iyọ̀ sí i."

Ó ra ọṣẹ mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ná an.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ránṣẹ́ pé kí á wá mọ àwọn. Èmi àti àgbà méjì nínú agbo ilé wa mú àbúrò lọ sí ilé wọn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn. Bàbá ọmọ, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alhaji, jókòó sí àárín. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ká aṣọ lọ, kò sọ̀rọ̀. Obìnrin ọjọ́sí wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tó kàwé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù. Àbúrò Alhaji ọkùnrin sì wà níbẹ̀, òun ni wọ́n fún ní iṣẹ́ fífi ọkọ ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́, bí a ti máa ń ṣe.

Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó gbé ojú sókè.

"Ẹ bá mi wò ó dáadáa o. Ṣé kì í ṣe èyí tó wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n yá fún wa lónìí?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ wo lo fi ń mú sísọ́ọ̀sì? Ọ̀tún? Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ọ̀tún náà ló fi mú sípánà?"

Ẹ̀rín dín kù. Mo ń wo ìka ọmọ mi lórí ẹní.

"Bàbá yín náà, ojú ìjà ló kú sí. Ẹ̀yin yìí, ṣé ẹ kì í kú sórí ibùsùn ní tiyín ni?"

Ọmọ mi dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gba àárín àwọn àgbà kọjá, ó jáde síta láì wọ bàtà rẹ̀.

Ní tiwa, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ ìyàwó lè wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí àyà á fi máa dùn ún, wọn ò tíì ní kó dìde, kò ní dìde. Ọkùnrin náà yíjú sí Alhaji, ó ní, "Ẹ rí i fúnra yín."

Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ." Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.

Alhaji ní, "Màmá, níwájú àwọn àna rẹ̀?"

"Níwájú ẹnikẹ́ni. Tí mo bá yọ àwọn àna sílẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní wúlò mọ́."

Alhaji yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó kàwé. "Ìwọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ni ìwé wí?"

Ọmọkùnrin náà tún ìjókòó ṣe. Ó ní ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Ó ní gíga wà níbẹ̀, imú wà níbẹ̀, bí inú ènìyàn ṣe ń tètè ru náà wà níbẹ̀ dé àyè kan. Ó ní ìbejì tó bá rí bíi tiwa yìí, ẹyin kan ṣoṣo ló pín sí méjì, nítorí náà ohun kan náà ni wọ́n jogún.

Alhaji ní, "Ó dáa. Ṣé èyí náà á mú sípánà?"

"Daddy, kò sí ẹni tó lè sọ. Ewu náà lè sún mọ́ ọn ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn dàgbà sí ń dá sí i, ẹni tó ń bá rìn ń dá sí i, ohun tí ojú rẹ̀ rí náà ń dá sí i. Kò sí jíìnì kan tó ń jẹ́ ọ̀daràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ó ṣeé ṣe ni, Daddy."

"Ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ lónìí náà." Alhaji wo ọ̀nà tí ọmọ mi gbà jáde. "Ojú kan ni mo rí. Mo fẹ́ rí èkejì."

Nígbà tí a jáde, ọmọ mi jókòó sórí pèpéle ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Ó ti rìn dé ọ̀nà ńlá, ó ti padà. Ó wọlé lọ tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọbìnrin náà wá bá mi ní ọjà. Ojú rẹ̀ wú. Ó bá mi to ọṣẹ, ó ní, "Màmá, tí Daddy ò bá gbà, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ lójú mọ́lẹ̀. Ó sì ń ṣe mí bíi pé kò ní gbà."

Mo bi í bóyá ó ti rí ọmọ mi nínú ìbínú rí.

"Mo ti rí i. Mo fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà kan, léèsì tó wọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà pátápátá. Ó bá jáde. Mo rò pé ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tó dé, ó ra bọfúrọ́ọ̀tì gbígbóná dání, òróró ṣì wà lára rẹ̀."

"Ẹ̀rù bà ọ́?"

"Ó bà mí, kó tó jáde. Mo sì jẹ bọfúrọ́ọ̀tì náà."

Alhaji wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mo kó gàrí, ṣúgà àti ọṣẹ dání gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe. Wọ́n ní kí á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wáyà wà láàárín àwa àti wọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n jáde, Alhaji dìde dúró láì mọ̀. Wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, ó mọ̀ pé ìbejì ni, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò gbà á. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ sórí simẹ́ńtì ní òdìkejì wáyà.

"Alhaji, ẹ kú ìrìn o. Ẹ fara balẹ̀, èmi kọ́ lẹ fẹ́ fún lọ́mọ."

Ẹ̀rín gba ẹnu Alhaji kó tó dá a dúró. Ó jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n sọ̀rọ̀ ooru. Lẹ́yìn náà ni Alhaji sọ ohun tó gbé e wá.

"Ká ní ìwọ lo wá fẹ́ ọmọ mi. Ṣé kí n fún ọ?"

Ẹ̀gbọ́n rò ó. "Ẹ má fún mi, sà."

"Kí ló dé?"

"Mi ò tíì mọ ara mi. Níbí, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni èmi náà á tó mọ̀."

"Àbúrò rẹ ńkọ́? Ohun tó wà lára rẹ ló wà lára rẹ̀."

"Ó wà lára rẹ̀. Mi ò ní parọ́." Ó wò mí. "Màmá, ẹ má bínú. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún yín."

Ó wá sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí wọ́n mú òun, tí òun wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, àbúrò òun gbé oúnjẹ wá. Àwọn ẹbí ọkùnrin tó fọ́ lójú wà níta. Wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n rò pé ọlọ́pàá ti tú òun sílẹ̀. Wọ́n dà bò ó. Wọ́n lù ú ní ìlù bàrà, oúnjẹ dà sílẹ̀, aṣọ rẹ̀ ya. Òun ń wò ó láti ojú fèrèsé, òun ń pariwo pé èmi nìyí, èmi nìyí, kò sí ẹni tó gbọ́.

Mo rántí ọjọ́ náà. Ó wọlé pẹ̀lú ètè tó wú, ó ní ọ̀kadà ló gbé òun ṣubú. Mo fi omi gbígbóná jó o.

Alhaji béèrè pé, "Kò lù wọ́n padà?"

"Kò lù wọ́n."

"Kò sọ pé òun kọ́?"

"Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọn ò gbọ́, ó dákẹ́, ó fọwọ́ bo orí."

A ti wọ Accra padà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Alhaji ní, "Màmá, ọmọ yẹn lè gba ìyà." Mo rí i pé ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀. Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi fẹ́ mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi. Ó ń fi eyín já òwú. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún wa, kí ló dé tí kò fi lu àwọn ènìyàn yẹn padà?

Ó ní, "Màmá, wọ́n pọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Igi wà lọ́wọ́ ọ̀kan."

"Ìyẹn nìkan ni?"

"Ọlọ́pàá náà ń wò wá."

"Ká ní ẹnìkan ṣoṣo ni ńkọ́?"

Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Mi ò mọ̀, Màmá."

Mo wọ tírótíró lọ sí Adabraka. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ fún wa, mi ò lè jẹ́ kí Alhaji fi í fún ẹni tó rò pé ó jẹ́ mọ́láíkà. Mo bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, Alhaji, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Mo sọ ohun tí ọmọ mi sọ, bó ṣe sọ ọ́.

Alhaji ní, "Ó kà wọ́n?"

"Ó ní mẹ́rin ni wọ́n."

"Ó rí igi, ó sì rí ọlọ́pàá?"

"Ó rí wọn."

"Wọ́n ń lù ú, ó ń kà wọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Màmá, ẹni tí mò ń bẹ̀rù ni ẹni tí kì í rí nǹkan kan mọ́ tí inú bá ti bí i. Ẹni tó lè ka ènìyàn nínú ìbínú, ojú rẹ̀ ṣì wà ní orí rẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ wa kì í ṣe ènìyàn mẹ́rin. Ọ̀kan ni. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, òun nìkan ni yóò bá a nínú ilé. Ta ni ọmọkùnrin yẹn fẹ́ kà níbẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ, èmi gan-an mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo ti wà nínú irú ilé yẹn. Ẹ̀rín kúrò lójú Alhaji.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ń fi ọ̀pá wọn aṣọ fún oníbàárà kan, kò sì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Yàrá méjì ṣófo nínú àgbàlá wa lẹ́yìn. Kí wọ́n wá máa gbé ibẹ̀. Àwa pọ̀."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ wò ó. "Kí ọkùnrin Yorùbá wá máa gbé inú ilé àna rẹ̀? Wọ́n á fi ṣe ẹlẹ́yà ní gbogbo àdúgbò Zongo."

"Kí wọ́n fi ṣe é. Bí ó bá gbà, kó wá. Bí kò bá gbà, kó máa ránṣọ lọ."

Alhaji wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí n lọ sọ fún un.

Mo padà sí Mamobi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pe ọkùnrin tó bá kó lọ sílé àna, ọmọ mi náà mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ fún un láì fi nǹkan kan kún un: pé wọ́n gbà, pé nínú àgbàlá wọn ni, àti ìdí rẹ̀. Ó dìde. Ó jáde síta. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, mo bá a ká àwọn aṣọ tó wà nílẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó bi mí bóyá iná wà nínú àwọn yàrá náà tó lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní ó wà.